Arákùnrin Tí Kì Í Rẹ̀ àti Arábìnrin Tí Kì Í Sọ̀rọ̀
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn ẹbí

Ẹ̀yin tí ẹ kò lè wá sí ìpàdé, tí ó jẹ́ pé inú ìwé yìí ni ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yin náà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àkòrí tí ìgbìmọ̀ fún mi ni ọ̀nà tí olúkúlùkù ń gbà kojú wàhálà, àti ohun tí ọ̀nà náà ń ṣe sí ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ wa. Nígbà tí mo bá dárúkọ ọkàn lónìí, èyí tí ó ń lù nínú àyà ni mò ń sọ, kì í ṣe èyí tí a fi ń gbàdúrà. Èmi kì í ṣe dókítà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, mo sì jẹ́ pásítọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ, iṣẹ́ méjèèjì tí mò ń ṣe sì ti jẹ́ kí n bá àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn pàdé lójúkojú.

Oríṣi ènìyàn méjì ni a fẹ́ràn láti máa yìn láàárín wa. Èkíní ni arákùnrin tí kì í rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ó ń dáko ní ọjọ́ Sátidé, ó ń kọ́lé lọ́wọ́, ó ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀, a kò sì gbọ́ ọ rí kí ó sọ pé iṣẹ́ pọ̀. Èkejì ni arábìnrin tí kì í sọ̀rọ̀. Àwọn àna fi ìyà jẹ ẹ́, ó mú un mọ́ra. Ọ̀gá rẹ́ ẹ jẹ níbi iṣẹ́, ó ní kò burú. A ó wá ní kí àwọn ọmọ wa fi àwọn méjèèjì ṣe àwòkọ́ṣe. Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé, bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọ inú gbọ̀ngàn yìí, ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ.

Amẹ́ríkà ni ìtàn tí mo fẹ́ fi ṣe àlàyé ti ṣẹlẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ní ọdún 1978, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Sherman James, ènìyàn dúdú, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì North Carolina, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ láti máa wádìí irú ènìyàn tí àrùn máa ń mú àti ìdí rẹ̀, lọ kí àgbẹ̀ dúdú kan tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ọdún 1907 ni wọ́n bí bàbá náà, sínú ilé àwọn tí ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n sì ń pín ìkórè fún onílẹ̀ kí wọ́n tó rí tiwọn jẹ. Kíláàsì kejì ni ó kà mọ. Ó fúnra rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀ bí a ṣe ń kà àti bí a ṣe ń kọ. Nígbà tí yóò fi di ẹni 40 ọdún, ó ti ra ilẹ̀ éékà 75. Wọ́n fún un ní 40 ọdún láti fi san gbèsè ilẹ̀ náà, ọdún 5 péré ni ó fi san án tán. Ẹ rò ó wò: ènìyàn dúdú, ní gúúsù Amẹ́ríkà ìgbà náà, tí òfin àti àṣà jọ dì í lọ́wọ́ mú.

Ṣùgbọ́n kí ó tó pé ẹni 60 ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú un, làkúrègbé ti dé, ọgbẹ́ inú sì bá a jà débi pé àwọn dókítà gé nǹkan bí 40 nínú ìdá 100 àpò oúnjẹ rẹ̀ kúrò. Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ìyàwó rẹ̀ ké sí i pé kí ó wá jẹun ọ̀sán, orúkọ tí ó sì fi pè é ni John Henry. John Henry Martin ni orúkọ bàbá náà. Ara Sherman James bù máṣọ, nítorí pé kò sí ọmọ dúdú Amẹ́ríkà tí kò mọ ìtàn John Henry mìíràn.

John Henry ti inú ìtàn jẹ́ òṣìṣẹ́ ojú irin lẹ́yìn tí wọ́n ti fòpin sí òwò ẹrú níbẹ̀. Òòlù ni ó fi ń gbá irin wọ inú àpáta kí wọ́n lè la ọ̀nà fún rélùwéè. Ibi tí ọ̀pọ̀ máa ń tọ́ka sí ni Big Bend ní West Virginia, ní nǹkan bí ọdún 1870 sí 1872. Nígbà tí àwọn ọ̀gá gbé ẹ̀rọ tí ń lo agbára oruku omi gbígbóná dé, John Henry ní ẹ̀rọ kan kò lè borí òun. Wọ́n fi ìdíje sí i. John Henry borí ẹ̀rọ, ó sì ṣubú lulẹ̀, ó kú, tòun ti òòlù lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ewì J. F. Ọdúnjọ lórí iṣẹ́ ṣíṣe ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀kọ́ wa àti ti wọn kò jìnnà síra. Àwa kàn máa ń parí tiwa kí á tó dé ibi tí akọni náà ti kú ni.

Sherman James wá sọ irú ìṣe bẹ́ẹ̀ ní ìwà John Henry. Ó to ìbéèrè 12 jọ tí ènìyàn yóò fi dáhùn nípa ara rẹ̀: bóyá ó gbà pé kò sí ohun tí òun fi ọkàn sí tí òun kò ní lè ṣe yọrí, bóyá nígbà tí nǹkan kò bá lọ déédéé ni ó túbọ̀ ń tẹra mọ́ ọn, àti irú rẹ̀. Ní Edgecombe, ìjọba ìbílẹ̀ kan ní North Carolina, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá àgbàlagbà tí ó lé ní 800 sọ̀rọ̀, dúdú àti funfun, wọ́n sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Ọdún 1987 ni wọ́n tẹ àbájáde náà jáde. Láàárín àwọn dúdú tí ìwà John Henry pọ̀ lára wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tálákà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 3 ti àwọn tí wọ́n kàwé tí wọ́n sì rí jájẹ. Láàárín àwọn dúdú tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìwà náà, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín tálákà àti olówó kò tó nǹkan. Láàárín àwọn funfun, wọn kò rí irú àpẹẹrẹ yìí.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi níbí, nítorí pé ibí ni àwọn kan máa ń gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà òdì. Ìwádìí yẹn kò sọ pé iṣẹ́ àṣekára ló ń pa ènìyàn. Àwọn dúdú tí wọ́n ń tiraka, tí wọ́n sì ní ohun tí wọ́n fi ń tiraka, ara wọn le. Èyí tí ó ń jẹ ọkàn ni kí á máa fi gbogbo agbára ti ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn ti kọ́ láti inú. Kì í sì í ṣe gbogbo ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e ló fẹnu kò. Èyí tí James bẹ̀rẹ̀ ní Pitt, ní North Carolina kan náà, ní ọdún 1988, kò ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn tó ti àkọ́kọ́. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà délé kí ó ní pásítọ̀ sọ pé àwọn onímọ̀ ti parí ẹjọ́.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara gan-an? Bí ewu bá yọjú, ara yóò tú èròjà bíi adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn yóò sáré, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kan yóò fún, ṣúgà yóò jáde kí ẹsẹ̀ lè rí agbára sá. Bí ewu bá kọjá, ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ ilé yín. Bí ẹ bá tàn án fún wákàtí 3 tí ẹ sì pa á, yóò pẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tí ó sì bàjẹ́, ẹ kò lè sọ pé ẹni tí ó tà á fún yín ló rẹ́ yín jẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣan tí ó ń fún nígbà gbogbo ṣe ń le gbandi, tí ọkàn tí ó ń ti ẹ̀jẹ̀ gba inú rẹ̀ ń nípọn, tí rọpárọsẹ̀ tàbí àìsàn kíndìnrín sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò yọ yín sílẹ̀. Ní ọdún 2013, Gene Brody àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Georgia kọ ìwé nípa ọmọ dúdú 489 láti ìgbèríko, tí wọ́n ti ń tọ̀ lẹ́yìn láti kékeré. Àwọn kan wà nínú wọn tí ilé wọn tálákà gidigidi, ṣùgbọ́n tí àwọn olùkọ́ jẹ́rìí sí i pé wọ́n tẹ́nu mọ́ ẹ̀kọ́, wọ́n sì mọ ara wọn níjàánu. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 19, ojú ìta dára: ìrẹ̀wẹ̀sì kò fi bẹ́ẹ̀ bá wọn, wọn kò bá ẹgbẹ́ burúkú rìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn àti àwọn èròjà másùnmáwo inú ara wọn, ara ọmọ ọdún 19 ti ń gbó láti inú. Ní ọdún 2018, Lauren Gaydosh àti àwọn mìíràn fi àwọn ẹ̀yà wéra kárí Amẹ́ríkà. Ọmọ funfun tí ó wá láti ilé tálákà tí ó sì gboyè jáde ní yunifásítì, inú rẹ̀ dùn sí i, ara rẹ̀ sì le sí i. Ọmọ dúdú àti ọmọ àwọn tí ń sọ èdè Sípáníìṣì tí wọ́n gboyè bẹ́ẹ̀, inú wọn dùn sí i, ṣùgbọ́n ìṣòro ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti ọ̀rá ikùn pọ̀ lára wọn ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò lọ. Oyè kan náà ni o, iye tí ara san fún un ni kò dọ́gba.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ àwa dúdú ló rí bẹ́ẹ̀, pé bí Ọlọ́run ṣe dá wa nìyẹn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èsì rẹ̀ wà nítòsí wa níbí. Richard Cooper láti Chicago, pẹ̀lú àwọn dókítà wa ní Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Ọ̀ṣọ́tìmẹ́hìn tí ó padà di mínísítà ètò ìlera wà lára wọn, wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nǹkan bí 10,000 ènìyàn tí ìran wọn ṣẹ̀ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ìgbó-Ọrà wà lára ibi tí wọ́n dé. Ìwé wọn jáde ní ọdún 1997. Ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ẹni 16 nínú 100 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù bíi Jàmáíkà, 26 ni. Láàárín àwọn dúdú ẹ̀bá Chicago, 33 ni. Ìran kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ní ọdún 2005, Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn funfun kún un, wọ́n sì rí i pé láàárín àwọn ará Jámánì, ó tó 55 nínú 100, ó ju ti dúdú Amẹ́ríkà pàápàá lọ. Nítorí náà, ẹ má fi àwọ̀ ara bojú mọ́. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, sísanra wà nínú rẹ̀, ìjókòó sójú kan wà nínú rẹ̀, irú ayé tí wọ́n fi ènìyàn sí sì wà nínú rẹ̀. Ìṣirò Ìgbó-Ọrà ìgbà yẹn kì í ṣe tiwa mọ́: nǹkan bí àgbà 3 nínú 10 ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ní Nàìjíríà báyìí.

Èyí tí ó kàn mí jù ni ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 1998. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìlú Bìní ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n sì lo ìbéèrè Sherman James. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Níbẹ̀, kì í ṣe àwọn tí wọ́n wà nísàlẹ̀ ni ìwà John Henry bá ẹ̀jẹ̀ ríru wọn rìn. Àwọn tí ipò wọn ga ni, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Òdìkejì ti Edgecombe nìyẹn! Lérò tèmi, kò ṣòroó yé ẹni tí ó bá ti gba owó oṣù rí. Ní ti Amẹ́ríkà, bí ọwọ́ ẹni bá tẹ nǹkan, ẹrù a fúyẹ́ díẹ̀. Ní tiwa, ọjọ́ tí lẹ́tà ìgbéga bá jáde ni ẹrù ń wúwo. Àbúrò ìyá yóò dé láti abúlé pẹ̀lú ọmọ méjì. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yóò kọ orúkọ rẹ mọ́ àwọn tí yóò dá owó ńlá. Ìwọ náà kò ní fẹ́ kí wọ́n sọ pé o kò ṣe é.

Mo mọ arákùnrin kan tí ó wà ní lẹ́fẹ̀lì 14. Ní ọdún 2015, nígbà tí ìjọba ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jẹ owó oṣù, oṣù tiwọn náà dúró. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó ń san owó ilé ìwé ọmọ mẹ́fà, mẹ́ta nínú wọn kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Ó yá owó níbí, ó fi san ti ọ̀hún. Ó ń gba ààwẹ̀, ó ń kọ́ kíláàsì ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gbé bírò láti fọwọ́ sí ìwé ìdésíṣẹ́, bírò bọ́. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kejì, ó tún bọ́. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ iye gbèsè náà, lẹ́nu àwọn tí wọ́n wá bèèrè owó wọn. Ó wà láàyè, ọ̀pá ni ó fi ń rìn. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti mọ̀ ní oṣù kìíní, wọn ì bá ti dá ọmọ méjì padà sí ilé ìwé ìjọba, wọn ì bá ti ta ọkọ̀. Òun ni obìnrin náà fi ń sunkún jù, kì í ṣe gbèsè.

Ní ti arábìnrin tí kì í sọ̀rọ̀: ní ọdún 1990, Nancy Krieger, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí kékeré kan jáde, èyí tí ó ṣe láàárín obìnrin dúdú 51 àti obìnrin funfun 50 ní California. Ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe bí wọ́n bá rẹ́ wọn jẹ. Àwọn obìnrin dúdú tí wọ́n ní àwọn máa ń gbà á bẹ́ẹ̀, tí àwọn sì máa ń dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn ní ìlọ́po 4 àti díẹ̀ ju àwọn tí wọ́n ní àwọn máa ń gbé ìgbésẹ̀, tí àwọn sì máa ń bá ẹlòmíràn sọ ọ́. Lọ́dọ̀ àwọn funfun, kò hàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òun àti Stephen Sidney ṣe irú rẹ̀ láàárín ènìyàn tí ó lé ní 4,000, tí ó jáde ní ọdún 1996, ẹ̀jẹ̀ ríru ga láàárín àwọn òṣìṣẹ́ dúdú tí wọ́n ń gba ìrẹ́jẹ láìjanpata. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́: a rò pé ọ̀rọ̀ ogún àti ẹ̀tọ́ nìkan ni àwọn àgbà ń sọ.

Ṣé kí á wá máa pariwo mọ́ra ni? Rárá. Ìwádìí kan ní ọdún 1995 fi hàn pé láàárín wákàtí 2 lẹ́yìn tí ènìyàn bá bínú gidigidi, ewu kí àìsàn ọkàn kọlù ú lójijì ju ìlọ́po 2 lọ. Ẹ tún gbọ́ ohun tí àwọn obìnrin California yẹn sọ: wọ́n ń gbé ìgbésẹ̀, wọ́n sì ń bá ènìyàn sọ ọ́. Wọn kò ní àwọn ń jà. Sùúrù ni baba ìwà, mo gbà, ṣùgbọ́n sùúrù yàtọ̀ sí kí á gbé èébú mì bí oògùn. Opó tí àwọn ẹbí ọkọ ń lé kúrò nínú ilé tí òun àti ọkọ jọ kọ́, kí ó wá sọ fún àwọn àgbà ìjọ, kí á sì wá agbẹjọ́rò lọ. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n fo orúkọ rẹ̀ nígbà ìgbéga, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ kàn fọwọ́ sí i, kí ó sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sílé. Ẹ gbà mí gbọ́, mo mọ bí fáìlì ṣe ń sọnù.

Mósè pàápàá, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ó ń dá ẹjọ́ gbogbo Ísírẹ́lì, àwọn ènìyàn sì dúró tì í. Jẹ́tírò àna rẹ̀ ló wò ó, tí ó sọ fún un pé yóò pa ara rẹ̀ lára, yóò sì pa àwọn ènìyàn lára pẹ̀lú, pé kí ó yan àwọn tí yóò bá a gbé e. Kò ní kí ó túbọ̀ gbàdúrà fún okun. Ó ní kí ó pín iṣẹ́. Èyí ni mo ń bẹ àwa olórí ìjọ sí: bí ẹnìkan bá wá bá wa pẹ̀lú ẹrù, kí á tó sọ fún un pé kí ó ní ìforítì, kí á bèèrè iye tí ẹrù náà wọ̀n àti ẹni tí ó gbé e lé e lórí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa wà fún èyí. Àjọ àwọn ìyá wà fún èyí. Owó tí ọkọ tàbí aya jẹ, kí ẹnì kejì mọ̀ ọ́n kí oṣù tó parí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé, nítorí náà ara yíyá kì í ṣe ẹ̀rí. Kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ má tíì jẹ obì tàbí mu kọfí láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ó ṣáájú. Bí nọ́ńbà òkè bá tó 140 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 90, ẹ tún un wọ̀n ní ọjọ́ mìíràn. Bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tí dókítà bá ti kọ oògùn fún, kí ó má ṣe dá a dúró nítorí pé ara yá tàbí nítorí pé a gbàdúrà fún un. Èmi ni mo gbàdúrà náà, èmi náà ni mo ní kí ẹ lo oògùn.

Láti ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù tí ń bọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ìjọ yóò máa jókòó pẹ̀lú ẹ̀rọ náà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ mú ọkọ yín wá. Yóò ní ara òun le. Ẹ ṣáà mú un wá bẹ́ẹ̀.